Odindi Pẹ̀lú Odindi, Àbọ̀ Pẹ̀lú Àbọ̀

Bí inú bá ń bí èèyàn, ó kéré tán, ó yẹ kó mọ ẹni tó ń bí òun nínú. Ohun tó ń jẹ Ata Wẹ́wẹ́ níyà láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Inú ń bí i gan-an, kò sì rí ẹni tó máa gbá mú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ti ń lẹ táìsì sí láti ìdájí, ó wo páálí táìsì, páálí ṣófo. Ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ ò tíì bò tán. Ó ka ibi tó ṣófo, ó tún un kà. Àyè táìsì mẹ́wàá ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ẹni tó jẹ́ fún yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Obìnrin kúkúrú ni, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń ta. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ata Wẹ́wẹ́ nígbà tó ṣì ń rákò, tó ń gé ẹni tó bá gbé e jẹ nígbà tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun, kò sì sẹ́ni tó tún pè é ní orúkọ mìíràn mọ́. Iṣẹ́ táìsì ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Bàbá rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ọ̀gá, ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyá wọn wà láyé, ìyá ló ń wọn yàrá, òun ló ń ṣírò iye táìsì tí wọ́n máa rà, Ọ̀gá á wá lẹ̀ ẹ́. Ìyá kú. Láàárín ọdún kan náà, orúnkún Ọ̀gá dẹnu kọlẹ̀, kò lè kúnlẹ̀ mọ́. Ló bá fìdí kalẹ̀ sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù, ó gba ìṣirò mọ́ra, ó gbé táìsì lílẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Ata Wẹ́wẹ́.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bà jẹ́. Ọ̀gá á ṣírò, á ra táìsì, ẹ̀gbọ́n á kó o lọ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á padà wá ní, "Bàbá, kò tó o." Ọ̀gá á ní, "Kò tó báwo? Nígbà tí ìyá yín ń rà á, ṣé kì í tó ni?" Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ló ti ń dín. Ilé kan á tó géérégé, ẹyọ kan ò ní ṣẹ́kù. Tó bá di ilé kejì, ó dín. Ọ̀gá ní, "Ẹ ò rí i? Ọjọ́ tó bá wù ú ló ń jí i. Ìṣirò kì í parọ́, èèyàn ló ń parọ́."

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá lé e jáde, ojú títì ló ti pè é lólè, gbogbo àdúgbò ń wò. Ata Wẹ́wẹ́ náà ò sì dákẹ́. Ìgbà wo ló dákẹ́ rí? Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kó sọ ibi tó ń ta táìsì bàbá òun sí. Ẹ̀gbọ́n ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹrù ló ń rù ní ilé ìkẹ́rùsí kan lápá kejì ìlú, ẹ̀yìn ibẹ̀ náà ló gba yàrá sí. Ata Wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìsì dípò rẹ̀. Yàrá tó ti kọ́kọ́ lẹ̀ ò ju méjì lọ, àwọn méjèèjì tó, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn tí kò bá ti sí olè níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àna ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti rí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Àwọn òbí ọmọ gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé bàbá ọkọ lé e nílé, wọ́n wá ní àwọn ò ní gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kiri gbọ́, ẹnu bàbá tó bí i làwọn ti fẹ́ gbọ́ ọ. Tó bá ní ọmọ gidi ni, wọ́n á fún un níyàwó. Tó bá ní olè ni, ó parí. Ọ̀gá ò fi tiẹ̀ pa mọ́ rárá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń lérí pé, "Mi ò ní tìtorí ọmọ parọ́. Olè ni mo lé, olè ni mo máa pè é."

Ata Wẹ́wẹ́ já sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin tó ni ilé ń sá aṣọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wọ yàrá yẹn?"

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́rí láti àárọ̀."

"Táìsì mi ò pé!"

"Ó wá jẹ́ èmi? Ṣé kí n yanu kó o wò ó, bóyá mo fi jẹun àárọ̀?"

Ata Wẹ́wẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń ro bó ṣe máa di awakọ̀ tó kó ẹrù wá mú lọ́rùn aṣọ. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀ kó tó rántí pé òun fúnra òun lòún jókòó ti páálí lẹ́yìn ọkọ̀, òun lòún gbé e wọlé, òun lòún já a. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án àfi òun. Ó bọ́ sọ́nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ̀gá ti wọ aṣọ àlejò, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nà gbọọrọ síwájú.

"Bàbá, táìsì ò tó o."

Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀. "Mélòó ló dín?"

"Mẹ́wàá."

"Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀?"

"Ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń ṣe ni. Mo rò pé ẹnì kan ló bàjẹ́ nínú ọmọ tí mo bí, àṣé mo ṣì ń tan ara mi jẹ ni."

Háà! Ata Wẹ́wẹ́ gbá àyà. "Èmi kẹ̀? Bàbá, ẹ má pè mí lólè o! Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kó fún mi ni mo lẹ̀, mi ò mú ẹyọ kan!"

"Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí," ni Ọ̀gá wí. "Bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kó fún mi ni mo lẹ̀."

Ata Wẹ́wẹ́ rántí. Òótọ́ ni. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, òun ló sì ń fi í ṣẹ̀sín nígbà yẹn, tó ń sín in jẹ.

"Ẹ wá wò ó nígbà náà. Ẹ bá mi ká lọ, ẹ fojú yín kà á."

"Kí n máa wọ́ orúnkún kiri nítorí olè? Mi ò lọ síbì kankan. Ìṣirò mi wà níbí." Ó fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀.

"Ó dáa, ẹ ṣírò ẹ̀ kí n gbọ́!"

Ọ̀gá di ojú. Ó fẹ́ràn kí wọ́n ní kó ṣírò. "Yàrá yẹn, mítà méjì àbọ̀ ní ìbú, mítà mẹ́ta àbọ̀ lóròó. Odindi pẹ̀lú odindi: méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà. Àbọ̀ pẹ̀lú àbọ̀: àbọ̀ lọ́nà àbọ̀, ìdámẹ́rin. Mẹ́fà àti ìdámẹ́rin. Táìsì mẹ́rin ló ń bo ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan. Mẹ́fà yẹn á gba mẹ́rìnlélógún, ìdámẹ́rin á gba ẹyọ kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mélòó ni mo kó fún ẹ?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Ibo wá ni mẹ́wàá lọ?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí! Odindi pẹ̀lú odindi, àbọ̀ pẹ̀lú àbọ̀, bí orin ọmọdé. Ata Wẹ́wẹ́ wá àlàfo nínú rẹ̀, kò rí. Ó pòṣé, ó fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lu ògiri, ó padà sí yàrá oníyàrá.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ tí kò ní táìsì. Ó mọ̀ pé òun ò jalè. Ohun tó kọ́kọ́ dá a lójú nìyẹn, ó sì dì í mú ṣinṣin. Tí òun ò bá jalè, tí táìsì ò sì tó, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó ya yàrá náà sílẹ̀ ní kékeré, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń yà á. Ó fa ìlà kan síbi tí odindi mítà ti parí tí àbọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìbú. Ó fa òmíràn síbi tí àbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lóròó. Yàrá náà pín sí mẹ́rin.

Ó wá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ létí. Ìyá wọn kì í ṣírò kíákíá. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín yàrá, á fi ṣọ́ọ̀kì pín in sí mẹ́rin, á wá máa pe apá kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Èyí tó tóbi jù, odindi lọ́nà odindi, Bàbá ló ń pè é. Tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ẹ́rẹ́ kúkúrú tó wà nísàlẹ̀, Àbúrò. Igun bíńtín tó ṣẹ́kù, níbi tí àbọ̀ ti pàdé àbọ̀, Ọmọ-ọwọ́. "Ilé kan ni wọ́n," ni ìyá máa ń wí, "má lọ ka ẹnì kan kó o gbàgbé ẹnì kejì." Ọ̀gá á máa fi í rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà: "Obìnrin yìí, ṣé ìṣirò lò ń ṣe ni àbí ò ń kí ẹbí?" Lẹ́yìn tí ìyá kú, òun kan náà ló ń yangàn pé ti òun yá ju tìyàwó òun lọ, àti pé ìyàwó òun ti ń ra táìsì ní àràjù láti ọjọ́ yìí wá.

Ata Wẹ́wẹ́ fi ìka lé ilẹ̀. Bàbá: méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n: àbọ̀ lọ́nà mẹ́ta, ọ̀kan àbọ̀. Àbúrò: méjì lọ́nà àbọ̀, ọ̀kan. Ọmọ-ọwọ́: àbọ̀ lọ́nà àbọ̀, ìdámẹ́rin. Ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Mẹ́jọ àti ìdámẹ́rin mẹ́ta. Ní táìsì, márùn-ún dín lógójì. Ó wo ilẹ̀ tó jókòó lé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti wà nílẹ̀, mẹ́wàá ló kù.

Bàbá òun ti ka Bàbá. Ó ti ka Ọmọ-ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò ni kò kà.

Ká ní ìròpọ̀ ló ń ṣe ni, ì bá tọ̀nà. Odindi á bá odindi lọ, àbọ̀ á bá àbọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Àmọ́ nínú ìsọdipúpọ̀, odindi yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àbọ̀ tọ̀hún, odindi tọ̀hún náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àbọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé kan fi ń tó. Yàrá mẹ́ta sí mẹ́rin, kò sí àbọ̀ níbẹ̀, Bàbá nìkan ló ń gbé inú ẹ̀. Kì í ṣe pé olè sinmi lọ́jọ́ náà. Kò sí olè rárá. Kò tiẹ̀ sí olè kankan rí!

Ẹ ní inú ń bí i tẹ́lẹ̀? Eré nìyẹn. Inú wá bí i báyìí débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó bínú sí bàbá rẹ̀ tí kò lè dìde lórí àga lọ ka táìsì. Ó bínú sí ara rẹ̀, tó dúró lójú títì, tó nawọ́ sí ọmọ ìyá rẹ̀. Ó bínú sí ẹ̀gbọ́n pàápàá, tó dákẹ́, tó di aṣọ sínú àpò. Àwọn àgbà ní ìbínú kì í da nǹkan fúnni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ká ní inú ò bí obìnrin yìí lọ́jọ́ náà, ì bá wọkọ̀ lọ sílé jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ó rántí àlejò. Ó sáré.

Wọ́n ti dé. Bàbá ìyàwó jókòó lórí àga gíga, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó tì í, ó di àpamọ́wọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ti gbọ́ pé olè wà nínú ilé yìí. Ọ̀gá ti wà lórí ọ̀rọ̀.

"...nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ọmọ yẹn, ohun tó mú kí n lé e—"

"Bàbá, ẹ dákẹ́!"

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Ọmọ wo ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó dákẹ́, lójú àna? Ó sọ ọ́ ná, kò sì tọrọ àforíjì.

"Ṣé orí ẹ pé?" ni Ọ̀gá wí.

"Ó pé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ bá mi sún àga yín sẹ́yìn." Kò dúró kí wọ́n dìde tán. Ó ti kúnlẹ̀, ó fi òṣùwọ̀n wọn mítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ó pín in sí mẹ́rin. Ó wọ́ táìsì wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń tò ó, ó ń kà á sókè. "Odindi pẹ̀lú odindi, Bàbá, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́. Mẹ́rìnlélógún." Ó gbé ẹyọ kan, ó gbé e sí igun jíjìnnà, lóun nìkan. "Àbọ̀ pẹ̀lú àbọ̀. Ẹyọ kan. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ọ̀gá dáhùn pẹ̀lú ìkanra.

"Táìsì yín ti tán. Ẹ wá bá mi bo èyí." Ó gbá ọwọ́ mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. "Ẹ tún bá mi bo èyí." Ó gbá ọwọ́ mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kúkúrú.

Obìnrin àlejò na ọrùn. "Èyí tó wà nígun yẹn, ta ló gbé e lọ síbẹ̀ yẹn lóun nìkan, bí ẹni tó ṣẹ̀?"

"Ìṣirò Ọ̀gá ni, mà," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí.

Ọ̀gá nawọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lábẹ́ ohùn. Odindi pẹ̀lú odindi. Àbọ̀ pẹ̀lú àbọ̀. Ìka rẹ̀ dé orí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣófo, ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró síbi kan náà. Àlejò méjèèjì ń wò ó.

"Ilé ẹ̀gbẹ́ ọjà yẹn, tí ẹ̀gbọ́n ẹ ní kò tó, ńkọ́?" ni Ọ̀gá béèrè níkẹyìn.

"Àbọ̀ wà níbẹ̀."

"Ilé olùkọ́ ńkọ́?"

"Àbọ̀ wà níbẹ̀, Bàbá."

"Ilé ìwòsàn kékeré yẹn?"

"Mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìyẹn. Ó tó."

Ọ̀gá wo àwọn táìsì náà títí. "Ìyá yín ò ra àràjù rí," ló wí.

"Kò ra àràjù rí! Ẹ sì lé ọmọ ẹ̀ jáde lójú títì!" Omi ti bọ́ lójú Ata Wẹ́wẹ́, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò rọ̀. "Èmi náà bá yín lé e. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin àna, èmi náà pè é lólè!"

Bàbá ìyàwó dé fìlà rẹ̀. "Ọ̀gá," ló wí, "ìbéèrè tá a bá wá ṣì wà nílẹ̀ o."

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì ti àga, ó dìde. "Mi ò lè dá yín lóhùn níbí," ló wí. "Iwájú ẹ̀ ni mo ti máa dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọ̀nà jìn, orúnkún rẹ̀ sì ń ké ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti bọ́ sí kòtò. Ata Wẹ́wẹ́ ò dì í lọ́wọ́ mú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì ṣe tán láti dárí jì í. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kọjá, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá kan tí bàtà iṣẹ́ wà níta rẹ̀. Ọ̀gá kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

Ọ̀gá sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Olè ni," ló wí. "Olè tó kó táìsì mẹ́wàá, tó gbé e ru ọmọ ẹ̀."

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n dúró síbẹ̀, ó ti rù ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo àna, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀.

"Mẹ́wàá nìkan kọ́, Bàbá," ló wí. "Ẹ tún un ṣírò láti ilé àkọ́kọ́."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé lọ jókòó sórí ibùsùn, kò ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gá rọra jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síta. Ó fi ìka ya yàrá kan sínú eruku, ó pín in sí mẹ́rin bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń pín in.

"Ilé ẹ̀gbẹ́ ọjà," ló wí. "Mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀. Bàbá, méjìlá." Ó gbé ìka sí apá kejì. "Ẹ̀gbọ́n..."

Ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ibẹ̀ náà ló tún dé. Bàbá ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò ní kó yára; ó ti gbọ́ ìdáhùn tó bá wá.